Ibi tí mo ti ń dákẹ́ nínú Àdúrà Olúwa

Abiyamọ Òṣogbo béèrè pé:

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò rí ẹni bá sọ nínú ìjọ wa, tí n kò sì lè bá ọkọ mi sọ, nítorí pé ọ̀fọ̀ kan náà ni ó ṣẹ àwa méjèèjì, ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀ kò sì lè ní kí ẹlẹ́rù ẹlẹgbẹ́ òun bá òun sọ̀ ọ́.

Àkọ́bí mi ọkùnrin kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọmọ ọdún 22 ni. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni a bí mọ́ ọn, láti kékeré rẹ̀ ni a sì ti mọ̀ pé òtútù kì í bá a lára mu, tí a fi máa ń kó aṣọ òtútù rẹ̀ jáde kí Kérésìmesì tó dé. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ní yóò gba ẹ̀jẹ̀, bàbá rẹ̀ sì sáré wá ẹ̀jẹ̀ lọ. Kí ó tó padà dé, ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ ti lọ. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń tutù òun, kí n bá òun fa ìbọ̀sẹ̀ òun sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fà á. Ìgbà tí n óò fi gbójú sókè, kò sí ẹni tí n óò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bóyá ó ti gbóná.

Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Ẹ mọ àṣà wa: òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀, òbí kì í sì í rí ojú oórì ọmọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni wọ́n lọ. Wọ́n mú èmi wọ yàrá, àwọn obìnrin ìjọ sì yí mi ká. Títí di òní, n kò mọ ibi tí orí ọmọ mi kọ sí. Nígbà tí mo bèèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ó ní èèwọ̀ ni, kí n má ṣe bèèrè mọ́, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Àwọn ará ìjọ gbìyànjú, n kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọn kò fi wá sílẹ̀ títí a fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, nítorí pé mo ṣì ní ọmọbìnrin méjì. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí wọ́n ń wí yìí, ọdún 22 ni mo fi pọn ọ́n. Wọ́n ní kí n nu ojú mi nù, pé onígbàgbọ́ kì í banújẹ́, pé ìwé Tẹsalóníkà ló sọ bẹ́ẹ̀. Alàgbà kan sì wí pé ó ní ibi tí ó yẹ kí àdúrà àwa òbí dé tí kò dé. Èyí ni ó gún mi jù, nítorí pé ó bá ohun tí mo ń rò lóru mu. Irú ẹ̀jẹ̀ AS ni èmi àti ọkọ mi ní. A kò mọ̀ nígbà tí a fẹ́ra. Nígbà tiwa, kò sí ẹni tí ó bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní kí wọ́n tó so wá pọ̀ níwájú pẹpẹ. Lónìí, ìjọ kan náà kì í kéde ìgbéyàwó láìjẹ́ pé wọ́n rí ìwé àyẹ̀wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Bí a bá ń gba Àdúrà Olúwa ní ọjọ́ Àìkú, ohùn mi a máa jáde dáadáa títí a ó fi dé "Kí ìjọba rẹ dé." Bí ó bá kan "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe," ẹnu mi a pa dé. N kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ kan bò mí lẹ́nu. Bí àwọn yòókù bá dé ibi oúnjẹ òòjọ́, ohùn mi a tún padà. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni ó ti ń rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fura, àfi àbíkẹ́yìn mi tí ó máa ń yíjú wò mí.

Ike oògùn folic acid rẹ̀ ṣì wà lórí fìríìjì. Ó ku hóró mọ́kànlá nínú rẹ̀. N kò lè dà á nù, n kò sì lè fi fún ẹlòmíràn.

Mo gbàgbọ́ pé àjíǹde wà, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n àjíǹde jìnnà, ọjọ́ Àìkú sì ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìdákẹ́ mi yìí? Ṣé ẹni tí kò lè wí gbólóhùn yẹn lè sọ pé òun ní ìrètí? Bí mo bá sì wá ojú oórì ọmọ mi lọ, ṣé àìgbàgbọ́ ni?

Olùkọ́ Ìjọ Àná dáhùn pé:

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. N kò ní tètè sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ ohunkóhun ni iṣẹ́ wọn tí ó dára jù. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ ti bèèrè ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí a dáhùn. Ọdún 31 ni mo fi ṣe olùkọ́ ìjọ káàkiri abúlé kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì ti wà lára àwọn tí ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kí ó nu ojú rẹ̀ nù. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti Tẹsalóníkà kúrò lọ́nà. Pọ́ọ̀lù kò kọ ọ́ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe banújẹ́. Àwọn tí èèyàn wọn ti kú ni ó ń kọ̀wé sí, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn òkú wọn kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí Olúwa bá dé, ohun tí ó sì kọ ni pé kí wọ́n má baà banújẹ́ "gẹ́gẹ́ bí" àwọn tí kò ní ìrètí. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, "gẹ́gẹ́ bí," ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù gbólóhùn náà, àwọn ni a sì máa ń já sílẹ̀ sójú ọ̀nà nígbà tí a bá ń lọ sílé ọlọ́fọ̀. Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé nígbà tí Ẹpafíródítù ṣàìsàn dójú ikú, àánú ni Ọlọ́run ṣe fún òun tí ara ẹni náà fi yá, kí òun má baà ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ṣé ẹni tí kì í banújẹ́ ni yóò kọ irú ìyẹn?

Kí Olúwa wa tó gbéra lọ sí Bẹ́tánì rárá ni ó ti wí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé Lásárù sùn, òun sì ń lọ jí i. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí ẹkún Màríà, ó sọkún. Bí omijé bá jẹ́ àmì àìgbàgbọ́, a jẹ́ pé a ní iṣẹ́ láti ṣe lórí orí kọkànlá ìwé Jòhánù. (Ẹ fi èyí kún un: àwa Yorùbá kì í kọ "òkú" sára ìwé ìkéde ìsìnkú, "Olóògbé" ni à ń kọ. Ẹni tí ó sì ń tòògbé kò tíì sùn wọra, bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò jí. Mo máa ń rò pé èdè wa ní ìrètí ju àwa tí à ń sọ ọ́ lọ.)

Ó wá kan ibi tí ẹ ti ń dákẹ́. Ẹ ṣí ìwé Mátíù. Ẹ ó rí gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ wà ní orí kẹfà, níbi tí Jésù ti kọ́ àwọn ènìyàn lórí òkè, tí gbogbo wọn jókòó tí ara rọ̀ wọ́n. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ní Gẹtisémánì, ní òru, nígbà tí ó ti dojú bolẹ̀. Òun kan náà tí ó kọ́ wa pé kí a máa wí i kò fi í bẹ̀rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ tọrọ ni pé bí ó bá lè ṣe é ṣe, kí ago náà ré òun kọjá, kí ó tó fi kún un pé kì í ṣe bí òun ti fẹ́, bí kò ṣe bí Baba ti fẹ́. Ó dìde, ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń sùn, ó tún lọ. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni "ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe" tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Mo rò pé ibi tí ẹ wà ni àárín ìgbà àkọ́kọ́ sí ìgbà kejì yẹn. Kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run kò dé rí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, nítorí mo fura pé ohun tí ó di yín lẹ́nu ni pé ẹ ń gbọ́ gbólóhùn náà bí ẹni pé ó ń wí pé, "Ikú ọmọ mi ni ìfẹ́ rẹ, mo sì fara mọ́ ọn." Bí ìfẹ́ Ọlọ́run bá ti ń ṣẹ ní ayé tán, kí ni a tún ń tọrọ rẹ̀ sí? Ẹ parí gbólóhùn náà: bí ti ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ní ayé. Ní ọ̀run, egungun kì í ro ọmọ ènìyàn lóru. Ẹni tí ń gba àdúrà yìí ń bẹ Ọlọ́run pé kí ayé kúrò ní bí ó ti wà ni, ó ń gbàdúrà tako fòníkú-fọ̀ladìde. Pọ́ọ̀lù kò pe ikú ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀tá ìkẹyìn ni ó pè é. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ̀ láti pe ikú ọmọ yín ní ohun rere, ìgbàgbọ́ yín kò yẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyẹn.

Bí ẹ kò bá sì tíì lè wí i, ẹ má fi tipátipá wí i. "Baba wa" ni à ń pè é, "fún wa" ni à ń wí. Kò sí "mi" kankan nínú àdúrà náà láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin arọ tí ènìyàn mẹ́rin gbé gba òrùlé sọ̀ kalẹ̀ síwájú Jésù, Máàkù kò sọ pé ó wí ohunkóhun. Ìgbàgbọ́ àwọn tí ó gbé e ni Jésù rí. Nígbà tí ẹ bá dákẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, àwọn mìíràn ń wí i ní ilé kan náà, ẹ sì wà nínú "wa" tí wọ́n ń wí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta dáhùn pé:

Bàbá Olùkọ́ ti sọ ti Bíbélì. Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀jẹ̀, nítorí mo mọ bí ọ̀rọ̀ alàgbà yẹn yóò ti máa dún létí yín ní aago méjì òru.

Abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, èyí tí í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde, ìdá méjì ni pé kí ó jẹ́ AS, ìdá kan ni pé kí ó jẹ́ AA. Oyún kan kì í rántí ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, àdúrà tí kò dé ibì kan kọ́ ni ó sì ń pín in. Ìdí tí ó fi pọ̀ láàárín wa ni pé ẹ̀jẹ̀ AS a máa gba ọmọdé sílẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle, ibà sì ti wà ní ilẹ̀ wa láti ìgbà tí a kò lè kà. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn baba ńlá wa yè ni ó padà pa ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún alàgbà náà pé a ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ tipẹ́.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Níbi tí ìtọ́jú kò bá sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í pé ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó tọ́ ọ̀kan dé ọdún 22, tí ó ń kó aṣọ òtútù jáde kí ọyẹ́ tó dé, tí ó mọ iye hóró tó kù nínú ike oògùn, kò ṣe àìbìkítà. Ẹ jẹ́ kí ike náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó rán fún wọn hàn án, n kò sì rí ibi tí ó ti bá wọn wí nítorí aṣọ.

Ní ti ojú oórì, èmi náà sin ọmọbìnrin kan láìdé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ fún yín fún èmi náà. Ọdún kẹta ni mo tó bẹ ìyàwó pásítọ̀ wa pé kí ó tẹ̀ lé mi. Mo rò pé bí mo bá débẹ̀, ìtùnú yóò bà lé mi. Kò sí ohun tí ó bà lé mi. Koríko ni mo bá. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu, mo fà á títí èékánná mi fi dúdú, ìyàwó pásítọ̀ sì ń bá mi kó o jọ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ibẹ̀ mọ́ tán ni mo tó pe orúkọ ọmọ mi sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, nítorí pé nínú ilé wa, wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ tì kí n má baà sunkún. Ilé ni mo ti wá sunkún nígbà tí mo padà, mo sì sùn ní òru ọjọ́ náà.

Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó lọ sunkún ní ibojì nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni ó kọ́kọ́ rí Olúwa tí ó jíǹde. Ó rò pé olùṣọ́gbà ni, ohun tí ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìbéèrè yín lọ: níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí?

Ọmọ Ogun Kristi dáhùn pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí díẹ̀. Nígbà tí ọmọ Dáfídì ń ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí ọmọ náà kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ sí ilé Olúwa, ó sì jẹun. Ó ní òun yóò tọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní padà tọ òun wá. Mo rò pé àpẹẹrẹ onígbàgbọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni pé lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ìyá mi di ojú oórì mú. Kò jẹun, kò wẹ̀, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, àwa ọmọ tí a kù nílẹ̀ sì dà bí ẹni tí kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ kò ní lè tì.

Olùkọ́ Ìjọ Àná dáhùn pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ èyí, mo sì kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ. Òótọ́ ni ohun tí o kà nípa Dáfídì. Ṣùgbọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì kan náà, wàá rí ọjọ́ tí ìròyìn ikú Ábúsálómù dé: ó gun yàrá òkè ẹnubodè lọ, ó ń sunkún bí ó ti ń rìn, ó ń wí pé ìbá ṣe pé òun ni òun kú dípò rẹ̀. Dáfídì kan náà, ọmọ méjì, ọ̀fọ̀ méjì. Ẹ má ṣe fi èyí àkọ́kọ́ na ẹni tí ó wà nínú èkejì.

Ní ti ìyá rẹ, ojú oórì kọ́ ni ó mú un. Ẹni tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó ń wù ú láti kú, àìsàn ti wọ inú ìbànújẹ́ rẹ̀, dókítà sì yẹ ní pípè bí a ti ń pe pásítọ̀. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi ní aginjù, tí ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Àkàrà àti omi ni ó gbé síbi orí rẹ̀, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn pé:

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú àbúrò mi. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, n kò sì lè jáde. Ní ìgbà tí wọ́n fẹ́ da erùpẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì gé, nígbà tí ó sì padà, àwọn ènìyàn ti ń kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, Mọ̀mọ́, mo mọ ohun tí ó jẹ́ láti má rí ibẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń rántí ni Àfálà, ìyá Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, nígbà tí Crowther ti di àlùfáà, wọ́n rí ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ti kọjá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, ẹnu sì ya àwọn. Lẹ́yìn èyí, ní 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì pè é ní Hánnà.

N kò sọ ọ́ kí ẹ lè máa retí pé ọmọ yín yóò kan ilẹ̀kùn. Mo kórìíra kí wọ́n máa fi ìtàn yẹn wàásù bẹ́ẹ̀, nítorí pé àìlóǹkà ìyá ní ọ̀rúndún yẹn ni kò rí tiwọn mọ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé ẹni tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí à ń kà, èyí tí ó jáde lódindi ní 1884, ọmọ tí ìyá rẹ̀ sunkún rẹ̀ fún ọdún 25 ni. Nígbà tí mo bá ka ibi tí Rákélì ti kọ̀ kí wọ́n tu òun nínú nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, n kì í lè kà á bí ìtàn àwọn ará Ísírẹ́lì nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n sì pàdé gan-an, Àfálà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìdákẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá.

Abiyamọ Òṣogbo kọ̀wé pé:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará mi. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ kọ ní àkàtúnkà. Ọmọ Ogun Kristi, mo gbọ́ tìrẹ náà. Mo pe àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, mo ní kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ́tí. N kò tẹ́tí rí, ìtìjú kì í jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà kan wà tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn mi, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Bí ó bá wí "ìfẹ́ tìrẹ," afẹ́fẹ́ a máa fọn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ iná. Ìyá náà ti sin ọmọ mẹ́ta, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yìn mi gan-an ni ó ti ń wí i.

Nígbà tí a délé, mo gbé fóònù fún ọkọ mi kí ó ka ohun tí mo kọ síbí. Ó kà á tán, ó tún padà sókè lọ kà á. Ó wá sọ fún mi pé ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí òun máa ń sọ pé òun ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni òun ń lọ. Ó ti ń lọ láti oṣù kejì. Òun ni ó ń ro koríko ibẹ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sì sọ fún mi, nítorí ó rò pé bí òun bá dárúkọ ibẹ̀, n kò ní lè dìde mọ́. Mo bèèrè ibi tí orí rẹ̀ kọ sí. Ó ní ìlà-oòrùn, níbi igi kajú kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni àwa méjèèjì yóò jọ lọ. Mọ̀mọ́ Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, kí ni ènìyàn ń mú dání lọ síbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta dáhùn pé:

Ọkọ yín ti ro ibẹ̀, nítorí náà ẹ fi àdá sílé. Ẹ mú omi mímu dání, kí ẹ sì gbé àpótí ìjókòó méjì.